Ó Dín Kan: Òǹkà Yorùbá àti Àwọn Òǹkà Tí Kò Ṣeé Pín

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé bí àwọn kan bá ti gbọ́ ìṣirò, ńṣe ni wọ́n máa ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Inú èdè wa ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ náà ni yóò sì parí sí.

Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n máa ń dá fún òǹkà Yorùbá, tí kò sì tẹ́ mi lọ́rùn rí. Wọ́n ní òǹkà wa ti le jù. Wọ́n ní kí ló dé tí Yorùbá kò lè ka nǹkan tààrà, àfi kí ó yọ nǹkan kúrò nínú nǹkan? Kí ló dé tí 19 kò lè jẹ́ mẹ́wàá àti mẹ́sàn-án, tó fi jẹ́ ogún tí ó dín kan? Ẹ dé Ìbarà tàbí Òkè-Ìlẹ́wọ̀ ní Abẹ́òkúta, kí ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́wàá pé kí ni à ń pe 39 ní Yorùbá. Ọ̀pọ̀ wọn yóò máa wo ẹnu yín bí ẹni pé àlọ́ ni ẹ pa. Àwọn àgbàlagbà kan sì ti ń sọ pé kí a kúkú pa "dín" tì, kí a máa ka òǹkà ní mẹ́wàá mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe.

Èrò tèmi yàtọ̀. Mo gbà pé ọgbọ́n ńlá wà nínú "ó dín kan" yìí. Ẹ̀rí tí mo sì fẹ́ fi gbè é lẹ́sẹ̀ ni ohun kan tí àwọn onímọ̀ ìṣirò kárí ayé ń wá lójú méjèèjì, ìyẹn àwọn òǹkà ńláńlá tí kò ṣeé pín.

Kí ni òǹkà tí kò ṣeé pín? Ẹ jẹ́ kí a fi aáró ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí mọ ohun tí ń jẹ́ aáró. Àwọn àgbẹ̀ á kóra jọ, wọn á ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, wọn á ṣe ti ẹlòmíràn lọ́la. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìtàn sọ pé Lísàbí ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ kí wọ́n tó bọ́ àjàgà Ọ̀yọ́ kúrò lọ́rùn. Ká ní ogún ènìyàn ló wà nínú aáró kan, tí wọ́n sì fẹ́ pín ara wọn sí ọ̀wọ́ tó dọ́gba. Ó rọrùn. Wọ́n lè di ọ̀wọ́ méjì tí ó ní ẹni mẹ́wàá mẹ́wàá, tàbí ọ̀wọ́ mẹ́rin tí ó ní ẹni márùn-ún márùn-ún. Ó wá ku ọ̀la, ara ẹnì kan kò yá, kò lè wá. Wọ́n ku mọ́kàndínlógún. Ẹ pín wọn sí méjì, ẹnì kan yóò ṣẹ́ kù. Ẹ pín wọn sí mẹ́ta, ẹnì kan yóò tún ṣẹ́ kù. Ẹ pín wọn sí mẹ́rin, yóò ṣẹ́ ku mẹ́ta. Kò sí bí ẹ ṣe lè tò wọ́n tí yóò fi dọ́gba, àfi kí gbogbo wọn wà lójú kan tàbí kí oníkálukú dá dúró. Òǹkà tí kò ṣeé pín ni ọ̀kàndínlógún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni 2, 3, 5, 7, 11, 13 àti 17. Àwọn ni wọ́n dàbí òkúta ìpìlẹ̀ fún gbogbo òǹkà yòókù, nítorí kò sí òǹkà kan tí ó ju ọ̀kan lọ tí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, tàbí tí a kò lè fi ìsọdipúpọ̀ wọn kọ́. Ogún fúnra rẹ̀, méjì lọ́nà méjì lọ́nà márùn-ún ni.

Kí n tó lọ síwájú, mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ lórí orúkọ. Àwọn kan ti ń pe irú òǹkà yìí ní "nọ́ńbà àkọ́kọ́". Ìtumọ̀ ojú ọ̀rọ̀ ni èyí, nítorí orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ti inú èdè Látìn wá, ibi tí ó ti túmọ̀ sí "àkọ́kọ́". Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ Yorùbá èyíkéyìí pé nọ́ńbà wo ni àkọ́kọ́, yóò ní 1 ni. Bẹ́ẹ̀, 1 gan-an ni àwọn onímọ̀ ìṣirò kò kà mọ́ wọn! Orúkọ tí ó ń ṣi ọmọ lọ́nà láti ẹnu ọ̀nà kò yẹ kí a fi sínú ìwé. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó bá jẹ́ tèmi, "òǹkà aláìṣeépín" ni ǹ bá máa pè é, kí olùkọ́ sì ṣàlàyé pé pípín dọ́gba ni à ń wí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí "dín". Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, owó ẹyọ ni wọ́n ń ná ní Abẹ́òkúta. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, tí wọ́n ń pè ní orí owó kan. Orí mẹ́wàá ló ń kún ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn àpò kan tí ó ní 20,000 owó ẹyọ nínú. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á, okùn mẹ́ta géérégé. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó ti gbé ní Ìjàyè kí ogun tó tú ìlú náà ní 1862, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí òǹkà Yorùbá ní 1887, ó sì fi hàn bí òǹkà náà ṣe so mọ́ kíka owó ẹyọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Ìjàyè tí ogun lé ló wá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta, àdúgbò Ìjàyè sì wà níbẹ̀ di òní.

Ẹni tó bá ń ka owó báyìí kò ní fi ojú kékeré wo ogún, igba, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́. Àwọn ni ibùsọ̀ tí ó ń sinmi sí. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó dé ibùsọ̀, ó rọrùn fún un láti sọ iye tí ó kù ju kí ó máa sọ gbogbo ọ̀nà tí ó ti rìn. Ìdí nìyí tí 199 fi jẹ́ ọ̀kàndínnígba. Igba ni ó fojú sùn, ọ̀kan ni ó kù.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú ogún, ogójì, ọgọ́ta, títí dé igba:

19, ọ̀kàndínlógún: kò ṣeé pín
39, ọ̀kàndínlógójì: 3 lọ́nà 13
59, ọ̀kàndínlọ́gọ́ta: kò ṣeé pín
79, ọ̀kàndínlọ́gọ́rin: kò ṣeé pín
99, ọ̀kàndínlọ́gọ́rùn-ún: 9 lọ́nà 11
119, ọ̀kàndínlọ́gọ́fà: 7 lọ́nà 17
139, ọ̀kàndínlógóje: kò ṣeé pín
159, ọ̀kàndínlọ́gọ́jọ: 3 lọ́nà 53
179, ọ̀kàndínlọ́gọ́sàn-án: kò ṣeé pín
199, ọ̀kàndínnígba: kò ṣeé pín

Mẹ́fà nínú mẹ́wàá! Kò sì sí idán níbẹ̀. Gbogbo ohun tí a bá kà ní ogún ogún ni méjì àti márùn-ún lè pín. Bí a bá ti yọ ọ̀kan kúrò, a ti sá mọ́ méjì àti márùn-ún lọ́wọ́ nìyẹn, wọn kò lè mú wa mọ́. Ó wá ku ẹ̀ta. Ẹ̀ta máa ń mú ọ̀kan nínú mẹ́ta mẹ́ta: ó mú 39, ó fo méjì, ó mú 99, ó fo méjì, ó mú 159. Èje mú 119 nìkan. Àwọn yòókù yọ. Ọmọ tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí èyí lórí òǹkà Yorùbá ti kọ́ bí a ṣe ń jọ àwọn òǹkà, bí ìyá onígaàrí ṣe ń fi asẹ́ jọ gaàrí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ìṣirò dẹ́rù bà á.

Ẹ jẹ́ kí a gun àkàsọ̀ náà lọ sókè. Ogún, igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́: ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú wọn ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé:

19, ogún ó dín kan: kò ṣeé pín
199, igba ó dín kan: kò ṣeé pín
1,999, ẹgbàá ó dín kan: kò ṣeé pín
19,999, ọ̀kẹ́ kan ó dín ẹyọ kan: 7 lọ́nà 2,857
199,999, ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ó dín ẹyọ kan: kò ṣeé pín
1,999,999, ọgọ́rùn-ún ọ̀kẹ́ ó dín ẹyọ kan: 17 lọ́nà 71 lọ́nà 1,657
19,999,999, ẹgbẹ̀rún ọ̀kẹ́ ó dín ẹyọ kan: kò ṣeé pín

Nítorí náà, bí olè bá yọ owó ẹyọ kan ṣoṣo kúrò nínú orí owó, kò sí iye ẹgbẹ́ tí ó lè pín ìyókù dọ́gba láàárín ara wọn mọ́, bí kò ṣe pé wọ́n tó 1,999. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ inú ọ̀kẹ́ ni ó ti yọ ọ́, ènìyàn méje lè pín in, kí oníkálukú mú 2,857 lọ sílé, kí wọ́n má sì mọ̀ pé olè ti dé ibẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀ta kò rí èyíkéyìí mú nínú àkàsọ̀ yìí. Bí ẹ bá ro àwọn nọ́ńbà inú wọn pọ̀, 1 àti àwọn 9 ni, bí ẹ bá sì fi ẹ̀ta pín in, ọ̀kan ni yóò máa ṣẹ́ kù títí láé.

Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọ̀kẹ́ ó dín ẹyọ kan, ilẹ̀ le. A ó rìn títí tí òdo tí ó tẹ̀ lé 2 yóò fi pé 26 kí a tó tún rí èyí tí kò ṣeé pín. Ẹ sì wo bí orúkọ 19,999,999 ṣe kúrú tó lẹ́nu Yorùbá. Ẹni tí yóò fi Gẹ̀ẹ́sì pè é yóò pe mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án títí ẹnu yóò fi rẹ̀ ẹ́. Yorùbá ní ẹgbẹ̀rún ọ̀kẹ́, ó dín ẹyọ kan, ó parí.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ nínú òǹkà wa yìí gan-an ni ayé ń gbà kọ òǹkà aláìṣeépín tó tóbi jù lọ. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ Ifá ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé. Ojú kan ní ìrísí méjì, ojú méjì ní mẹ́rin, ojú mẹ́ta ní mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa di ìlọ́po méjì títí tí ojú mẹ́jọ yóò fi ní 256. Iye odù Ifá nìyẹn, ojú odù mẹ́rìndínlógún àti ọmọ odù ojìlénígba.

Ẹ wá yọ ọ̀kan kúrò. Ó ku 255, tí í ṣe 15 lọ́nà 17. Ó ṣeé pín. Ìdí rẹ̀ ni pé mẹ́jọ fúnra rẹ̀ ṣeé pín. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ti lè pín ojú ọ̀pẹ̀lẹ̀ sí ọ̀wọ́ tó dọ́gba, iye tí ó kù lẹ́yìn tí a bá yọ ọ̀kan náà yóò ṣeé pín. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ bá ní ojú márùn-ún, 31 ni yóò kù, kò sì ṣeé pín. Bí ó bá ní ojú méje, 127 ni, kò ṣeé pín. Bí ó bá ní ojú mọ́kànlá, 2,047 ni, ìyẹn 23 lọ́nà 89. Nítorí náà, kí iye ojú má ṣeé pín kò tó fúnra rẹ̀, ó kàn ń ṣí ilẹ̀kùn ni.

Àlùfáà ará Faransé kan, Marin Mersenne, ṣe àkójọ irú òǹkà yìí ní 1644, àwọn ni wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣìṣe wà nínú àkójọ náà. Ní 1772, Leonhard Euler fi hàn pé bí ojú bá jẹ́ 31, òǹkà tí ó kù, 2,147,483,647, kò ṣeé pín. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Luke Durant ará Amẹ́ríkà rí èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ 136,279,841. Ó ń bá ètò ìwákiri kan ṣiṣẹ́ tí George Woltman dá sílẹ̀ ní 1996, tí ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè dara pọ̀ mọ́. Ẹyọ nọ́ńbà 41,024,320 ló wà nínú òǹkà náà. Bí a bá kọ 3,000 sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ojú ìwé 13,675 ni yóò gbà. Síbẹ̀, gbólóhùn kan ni orúkọ rẹ̀: ẹ sọ ọ̀kan di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹ 136,279,841, kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò. Ó dín kan!

Ẹnìkan lè bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé irú òǹkà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé pín, nígbà tí kò sí ẹni tó lè fi gbogbo òǹkà kéékèèké dán an wò. "Dín" náà ló tún ràn wọ́n lọ́wọ́. Édouard Lucas gbé ọ̀nà ìdánwò kan kalẹ̀ ní 1878, D. H. Lehmer sì tún un ṣe ní 1930. Ẹ mú mẹ́rin. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí ẹ yọ méjì kúrò. Ẹ ṣe ohun kan náà fún èsì rẹ̀, kí ẹ sì máa bá a lọ ní iye ìgbà tí ó fi méjì dín sí iye ojú. Bí òǹkà tí à ń dán wò bá pín èsì ìkẹyìn láìṣẹ́ku, kò ṣeé pín. Fún 31, ojú márùn-ún ni, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó ṣe é. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 16, ó dín méjì, 14. Mẹ́rìnlá lọ́nà mẹ́rìnlá jẹ́ 196, ó dín méjì, 194. 194 lọ́nà 194 jẹ́ 37,636, ó dín méjì, 37,634. Ẹ fi 31 pín in: 1,214 géérégé. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè ṣe èyí lórí bébà. Ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe fún òǹkà 2024 náà kò yàtọ̀ sí i, àfi pé tirẹ̀ pọ̀.

"Lé" náà ní ipa tirẹ̀. Euclid, ará Gíríìkì, ti fi hàn ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Kristi pé àwọn òǹkà aláìṣeépín kò lópin. Ẹ kó gbogbo èyí tí ẹ mọ̀ jọ, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, kí ẹ fi ọ̀kan lé e. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè pín èsì náà, nítorí ọ̀kan ni yóò máa ṣẹ́ kù. Nítorí náà, ó ní òmíràn tí ẹ kò tíì mọ̀. Bí ẹ bá sọ 2, 3, 5, 7, 11 àti 13 di púpọ̀, tí ẹ sì fi ọ̀kan lé e, 30,031 ni yóò jẹ́. Ó ṣeé pín, ṣùgbọ́n 59 àti 509 ló pín in, ọ̀kàndínlọ́gọ́ta wa àtẹ̀yìnwá àti àlejò kan, tí kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn nínú àkójọ àkọ́kọ́. A sì máa ń gbọ́ nípa ọ̀kànlénírinwó irúnmọlẹ̀. Òǹkà tí kò ṣeé pín ni 401. N kò sọ pé àwọn bàbá ńlá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n yàn án o. Kò sí ẹ̀rí fún un, irọ́ kò sì lè gbé èdè ga. Ohun tí mo ń sọ ni pé lé àti dín wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́, àwọn sì ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ yìí.

Ẹ má sì rò pé eré ọmọdé lásán ni. Ìgbà tí ẹ bá fi fóònù fi owó ránṣẹ́ láti Kútọ̀ sí Ìtòkú, tàbí tí ẹ ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òǹkà aláìṣeépín sábà máa ń wà lára ohun tó ń ṣọ́ owó yín. Ní 1977, Rivest, Shamir àti Adleman gbé ọ̀nà kan jáde ní Amẹ́ríkà tó dá lórí ohun tí kò le: sísọ òǹkà méjì di púpọ̀ rọrùn, títú wọn padà ló nira. Ẹ mú 19 àti 199. Igba lọ́nà mọ́kàndínlógún ní orúkọ tirẹ̀ ní Yorùbá, ẹgbọ̀kàndínlógún, ìyẹn 3,800. Ẹ yọ mọ́kàndínlógún kúrò nínú rẹ̀, ó di 3,781. Ìṣẹ́jú kan kò gbà yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá kàn fún yín ní 3,781, tí mo ní kí ẹ wá òǹkà méjì tó bí i, ẹ ó làágùn. Èyí tí wọ́n ń lò fún ìpamọ́ sábà máa ń ní ẹyọ nọ́ńbà 617, kò sì sí ẹni tí a mọ̀ tó lè tú u.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi yóò sọ. Wọ́n á ní 45 ńkọ́? Àárùndínláàádọ́ta ni, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́ta tí ó dín mẹ́wàá, àyọkúrò lórí àyọkúrò. Òótọ́ ni. N kò sọ pé kò gba ìrònú. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ará Faransé. Ogún lọ́nà mẹ́rin àti mọ́kàndínlógún ni wọ́n ń pe 99 títí di òní. Ìyẹn kò dí Mersenne lọ́wọ́, kò sì dí Lucas lọ́wọ́. Wọn kò ju òǹkà wọn nù, wọ́n kọ́ ọmọ wọn ni. Nígbà tí ọmọ bá sì fẹ́ ṣe ìṣirò gígùn, nọ́ńbà ni yóò kọ sílẹ̀, nọ́ńbà kò sì ní èdè. Ohun tí orúkọ ń ṣe ni pé ó ń fún ọmọ ní ojú tí ó fi ń wo òǹkà. Ọmọ tó mọ 199 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kàndínnígba ti mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ di púpọ̀ lórí, bí a ti ṣe lókè yìí. Kí ni ìdí tí a ó fi gba ojú náà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n wọ́gi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí olùkọ́ máa fi kọ́ni. Bí ìjọba bá ti lọ, ilé kò lọ. Ohun tí a kò bá kọ́ ọmọ wa nínú ilé báyìí, kò sí ẹlòmíràn tí yóò kọ́ ọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ fún. Èkíní, kí ẹ̀yin òǹkọ̀wé àti olùkọ́ má pa dín tì nínú ìwé òǹkà. Èkejì, kí orúkọ tí a ó fún ohun ìṣirò máa sọ ìwà ohun náà. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ará Abẹ́òkúta, ìlú tí ìwé ìròyìn Yorùbá ti kọ́kọ́ jáde, tún jẹ́ kí ìwé ìṣirò fún ọmọdé ní èdè Yorùbá ti ọ̀dọ̀ wọn jáde. Òkúta Olúmọ kò kúrò níbẹ̀, kò yẹ kí ọgbọ́n kúrò.

Ní alẹ́ òní, ẹ ka ẹ̀wà ogún sílẹ̀ fún ọmọ yín, kí ó pín in sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Kí ẹ wá mú ẹyọ kan jẹ, kí ẹ ní kí ó tún un pín. Bí ó bá ti rí i pé kò ṣeé ṣe, ẹ bi í pé kí ni orúkọ iye tí ó kù. Fún ẹ̀yin àgbà, ọ̀ọ́dúnrún ó dín kan ńkọ́, 299? Ẹ má yára dáhùn o. Ẹ̀tàlá ń bẹ nítòsí.